Bí ẹ ṣe lè fi ọwọ́ ara yín kan lóbẹ́ẹ̀dì kékeré tí gbogbo táyà rẹ̀ máa balẹ̀

Ẹ gbé àwòṣe lóbẹ́ẹ̀dì (tírélà tí pèpéle rẹ̀ sún mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi ń gbé ẹrù wúwo) tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kàn sórí gíláàsì, kí ẹ rọra fi ìka tẹ igun kan. Bí igun kejì bá gbéra, ohun tí mo fẹ́ kí a jọ tún ṣe nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ ọ̀dà kùn, tó mọ bí a ṣe ń fi àwọ̀ irin tó ti dógùn-ún sí nǹkan, tó mọ bí a ṣe ń so ṣéènì tín-ín-rín, síbẹ̀ tírélà náà á lọ́, àárín rẹ̀ á tẹ̀, táyà méjì nínú méjìlá á sì wà lófuurufú. Kò sí ọ̀dà tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ojú táyà la ti ń rí àléébù náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti wà nílẹ̀ látìgbà tí a ti gé bíìmù ọ̀tún (bíìmù ni ọ̀pá gígùn méjì tó gbé tírélà ró) lọ́tọ̀, tí a tún gé ti òsì lọ́tọ̀.

Lóbẹ́ẹ̀dì tí a máa kàn níbí jẹ́ ti 1:25, ìyẹn ni pé 25 mm lára ojúlówó di 1 mm lára tiwa. Ó ní ọ̀pá táyà mẹ́ta, táyà mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọrùn rẹ̀, ìyẹn apá iwájú tó ń kọ́ mọ́ ọkọ̀ tó ń fà á, sì ṣeé tú kúrò lára pèpéle, ìyẹn àárín tó ń gbé ẹrù.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Gíláàsì ló ṣáájú. Kó nípọn tó 6 mm, kó sì gùn ju 700 mm lọ, nítorí tírélà náà máa gùn tó nǹkan bí 650 mm. Tábìlì pákó kì í tẹ́jú tó bí ojú ṣe ń rí i. Lẹ́yìn gíláàsì:

- Pẹlẹbẹ ike funfun tí wọ́n ń pè ní styrene, ti 0.5 mm, 1 mm àti 1.5 mm, àti páìpù ike tó fẹ̀ tó 5 mm.
- Idẹ pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ní 6 mm tó sì nípọn ní 1 mm. Ọ̀pá idẹ 2 mm. Wáyà idẹ 0.4 mm.
- Gúlúù mẹ́ta: gúlúù olómi tó ń yọ́ ike (bí Tamiya Extra Thin), súpàgúlúù, àti epoxy (gúlúù olóríṣi méjì tí a ń pò pọ̀ kí ó tó le). Gúlúù olómi kò lè mú idẹ rárá, ike nìkan ló ń mú.
- Ọ̀bẹ olójú tuntun, rúlà irin, rúlà onígun, kálípà (ohun èlò tí a fi ń wọn nǹkan kékeré), dírílì ọwọ́, sáńdípépà 240, 400 àti 600.
- Irin sọ́dà àti sọ́dà fún idẹ.
- Tépù alátè ojú méjì, àti nǹkan wúwo tí ojú rẹ̀ tẹ́jú tí ẹ máa fi tẹ iṣẹ́ mọ́lẹ̀.
- Táyà méjìlá pẹ̀lú ríìmù wọn.

Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń lo gúlúù olómi. Èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà.

Ìpele 1: Ẹ ṣírò tán kí ẹ tó gé ohunkóhun

Ẹ wá àwòrán ìwọ̀n tírélà gidi kan. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe lóbẹ́ẹ̀dì sábà máa ń tẹ irú rẹ̀ jáde pẹ̀lú ọjà wọn. Ẹ kọ gbogbo ìwọ̀n sílẹ̀ ní mìlímítà, kí ẹ wá pín in sí ọ̀nà 25. Tírélà Amẹ́ríkà fẹ̀ tó 2591 mm, tiwa di 103.6 mm. Ti Yúróòpù fẹ̀ tó 2550 mm, ó di 102 mm. Èyí tí ẹ bá mú nínú méjèèjì, òun ni kí ẹ bá dé òpin.

Nọ́ńbà ara táyà ló ń sọ gíga rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú 255/70R22.5, tí lóbẹ́ẹ̀dì púpọ̀ ń lò. 255 ni bí ó ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. 70 túmọ̀ sí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, èyí tó jẹ́ 178.5 mm. 22.5 ni ríìmù ní ínṣì, ìyẹn 571.5 mm. Ẹ̀gbẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 357. Ẹ fi 571.5 kún un, ó di 928.5 mm. Ẹ pín in sí ọ̀nà 25, ẹ ó rí 37.1 mm. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọ́kọ́ ṣìnà. Wọ́n á kó táyà orí ọkọ̀ (apá tó ní ẹ́ńjìnnì, tó ń fa tírélà), tó sábà máa ń jẹ́ 11R22.5, tó sì ga tó 42 mm níwọ̀n tiwa, wọ́n á kó o sábẹ́ lóbẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yìn tírélà á wá ga gègèrè, kò ní jọ nǹkan tó ń gbé ẹrù wúwo.

Àwọn ìwọ̀n tí mo lò fún tèmi rèé. Pèpéle gùn ní 317 mm, ọrùn gùn ní 158 mm, ẹ̀yìn tó jókòó lé táyà gùn ní 171 mm. Ojú pákó pèpéle ga ní 24 mm sílẹ̀, àyè abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 6 mm. Pákó gba 1.5 mm, ó wá ku 16.5 mm fún bíìmù. Òkè ẹ̀yìn ga ní 42 mm, kí ó lè ré kọjá orí táyà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ya gbogbo tírélà náà sórí ìwé bí ó ṣe máa gùn gan-an, kí ẹ tẹ́ ìwé náà sábẹ́ gíláàsì. Ẹ gbé táyà kan àti orí ọkọ̀ yín lé àwòrán náà. Bí táyà bá bá ilà mu, ẹ lè mú ọ̀bẹ.

Ìpele 2: Bíìmù méjèèjì

Ẹ má kánjú níbí. Mo máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lórí bíìmù nìkan, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ rí.

Bí ẹ bá gé bíìmù lóbẹ́ẹ̀dì níbùú, ó dà bíi lẹ́tà I: ètè lókè, ètè nísàlẹ̀, ògiri láàárín. Ètè tiwa fẹ̀ ní 8 mm, ó nípọn ní 1 mm. Ògiri ga ní 14.5 mm. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kò sẹ́ni tó máa rí bí ògiri ṣe nípọn tó. Etí ètè nìkan ló ń hàn síta. Ìyẹn ló fún wa láyè láti fi idẹ pamọ́ sínú ògiri, nítorí ike nìkan tó gùn tó báyìí máa tẹ̀ láàárín bópẹ́ bóyá, pàápàá bí ẹ bá gbé katakata irin lé e.

Ẹ gé ojú ògiri mẹ́rin láti ara ike 0.5 mm, méjì fún bíìmù kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé wọn pẹ̀lú gbogbo ìrísí ẹ̀gbẹ́ tírélà: pèpéle, ibi tó ti gòkè, àti ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ lódidi. Ẹni tó bá gé pèpéle lọ́tọ̀ tó tún gé ẹ̀yìn lọ́tọ̀, ibi tó so wọ́n pọ̀ náà ló máa ṣẹ́. Bí ike yín kò bá gùn tó, ẹ lè so ó, àmọ́ kí ojú àsopọ̀ ti ọ̀tún ògiri jìnnà sí ti òsì ó kéré tán 60 mm.

Ẹ jẹ́ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi díẹ̀ tóbi ju ilà lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tépù alátè ojú méjì lẹ̀ wọ́n pọ̀ bí ìwé, kí ẹ sì fi sáńdípépà fá gbogbo wọn dé ojú ilà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan ti ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wọn. Àṣìṣe tó bá rí bákan náà lọ́tùn-ún àti lósì kì í mú tírélà lọ́.

Lóbẹ́ẹ̀dì gidi kì í tẹ́jú pẹrẹsẹ nígbà tí kò bá ní ẹrù. Wọ́n máa ń gbé àárín bíìmù sókè díẹ̀, kí ó lè tẹ́ nígbà tí ẹrù bá gorí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fá ojú ògiri, ẹ ya ilà pèpéle kí àárín rẹ̀ ga ní 1.5 mm ju ìkángun méjèèjì lọ. Ẹ dá rúlà irin tó rọ̀ tẹ̀, kí ẹ tẹ̀ lé e ya á. Ike tí a ti gé tán kò ṣeé tẹ̀ sókè lẹ́yìn tí ètè bá ti wọ̀ ọ́.

Ó kan idẹ báyìí. Ẹ gé e kí ó gba àárín ògiri kọjá láti orí dé ìrù. Níbi tí ògiri ti gòkè, ẹ gé ẹnu rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi sọ́dà jó o pọ̀. Ẹ fi epoxy lẹ idẹ mọ́ ojú ògiri kan, kí ẹ fi ike 1 mm dí àyè òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá fi ojú kejì bò ó. Ògiri náà á nípọn ní 2 mm. Ẹ gbé e sórí gíláàsì, kí ẹ gbé nǹkan wúwo lé e títí di ọjọ́ kejì.

Ìkìlọ̀: ẹ má da gúlúù olómi sáàárín ike méjì tó fẹ̀. Etí ike ló wà fún. Bí a bá há a mọ́ àárín, kò ní rí ọ̀nà jáde, á máa yọ́ ike náà díẹ̀díẹ̀ láti inú. Mo ti ní bíìmù tó tọ́ bí ọfà lálẹ́ ọjọ́ tí mo ṣe é, tó sì ti lọ́ nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta. Epoxy ni kí ẹ lò láàárín. Bákan náà, bí ẹ bá ṣe àpótí tó pa dé níbikíbi lára tírélà, ẹ dá ihò kékeré kan sí ibi tí ojú kò ní rí, kí afẹ́fẹ́ gúlúù lè jáde.

Ètè ló kù. Ẹ gbé ògiri dúró lórí ètè, kí ẹ fi rúlà onígun gbè é lẹ́yìn, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì kan gúlúù olómi díẹ̀ sí igun. Á sáré wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe ìwọ̀n 30 mm lọ́tùn-ún, kí ẹ ṣe 30 mm lósì, kí ẹ máa pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀gbẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó yí sí ìkejì, gúlúù tó ń gbẹ á fa bíìmù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ to bíìmù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí gíláàsì, kí ẹ gbé apá ẹ̀yìn wọn kọjá etí gíláàsì bí ó bá ń dí yín lọ́wọ́. Ike 1.5 mm gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ àárín méjèèjì, kí ó há díẹ̀. Ẹ wá fi ẹ̀yìn wọn kan ara wọn, kí ẹ gbé wọn sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba òkè wọn kọjá níbì kan, ẹ fá a nísinsìnyí.

Ìpele 3: Ìdábùú

Ìdábùú ni àwọn ọ̀pá tó so bíìmù méjèèjì pọ̀. Èyí yá. Ẹ fi tépù lẹ ìdènà kan mọ́ pákó tí ẹ ń gé nǹkan lórí, kí gbogbo ìdábùú lè gùn bákan náà, ẹ má fi rúlà wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ lẹ méjì ti ìkángun àti ọ̀kan láàárín pẹ̀lú gúlúù díẹ̀. Ẹ wá wọn igun sí igun, láti iwájú ọ̀tún dé ẹ̀yìn òsì, àti láti iwájú òsì dé ẹ̀yìn ọ̀tún. Bí méjèèjì bá fi ju 0.3 mm lọ yàtọ̀, ẹ fà á títí yóò fi dọ́gba, kó tó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó to ìyókù. Àwọn apá tó na jáde síta bíìmù láti gbé etí pèpéle ró gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọ̀gangan ìdábùú inú, nítorí bẹ́ẹ̀ ló rí lára ojúlówó: agbára tó ń ti ìta bọ̀ gbọ́dọ̀ rí ibi gbà kọjá.

Ìpele 4: Ọrùn àti kínpíìnì

Ẹ má gba ìwọ̀n ọrùn láti inú ìwé. Ẹ gbé orí ọkọ̀ yín sórí gíláàsì, kí ẹ fi kálípà wọn gíga àwo tí kínpíìnì (ọ̀pá kékeré abẹ́ ọrùn tó so tírélà mọ́ orí ọkọ̀) ń wọ̀. Bí orí ọkọ̀ náà bá ní sípíríǹgì tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbé nǹkan wúwo lé àwo náà kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí bó ṣe máa rí nìyẹn bí tírélà bá jókòó lé e.

Kínpíìnì gidi nípọn ní 50.8 mm, tiwa jẹ́ ọ̀pá idẹ 2 mm gẹ́lẹ́. Ẹ dá ihò sí ike 1.5 mm, kí ẹ ti ọ̀pá náà bọ̀ ọ́, kí ẹ fi epoxy di orí rẹ̀ láti òkè. Súpàgúlúù á kọ́kọ́ mú un, ọjọ́ tí ẹ bá yí orí ọkọ̀ gan-an ló máa já. Ibi tí ọrùn ti ń kọ́ pèpéle, ẹ ṣe ìkọ́ méjì láti ara ike 1.5 mm, kí ẹ gba ọ̀pá idẹ kan kọjá nínú wọn, kí ó lè máa tú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi ike 6 mm gbé ìkángun méjèèjì pèpéle ró, kí ẹ kọ́ ọrùn mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé kínpíìnì sínú àwo. Pèpéle kò gbọ́dọ̀ gbéra kúrò lórí ike iwájú, ọrùn náà kò sì gbọ́dọ̀ gbéra kúrò lórí àwo. Ìkọ́ ni kí ẹ fá bí ó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan bíìmù.

Ìpele 5: Táyà

Ẹ fi kálípà wọn táyà méjèèjìlá. Àwọn kan máa ń ga ju èkejì lọ díẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti rọ wọ́n. Ẹ yọ ilà ìrọ tó wà láàárín ojú wọn, kí ẹ sì kó àwọn tó dọ́gba jù sí ìta, níbi tí a ti máa ń wò wọ́n.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ títí ọdún á fi kọjá. Òróró tó ń mú kí táyà ike rọ̀ máa ń jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń yọ́ ríìmù styrene. Ẹ kun ríìmù dáadáa, kí ọ̀dà náà gbẹ pátápátá, tàbí kí ẹ fi bébà fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká kí ẹ tó fi táyà wọ̀ ọ́.

Ọ̀pá táyà gidi nípọn ní 127 mm, ìyẹn 5 mm fún wa. Ẹ lo páìpù ike 5 mm, kí ẹ ki páìpù tó kéré sínú rẹ̀ títí ọ̀pá idẹ 2 mm á fi há sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Táyà á máa yí lórí idẹ, páìpù á dúró.

Ìpele 6: Bí a ṣe ń gbé tírélà jókòó lé táyà

Bó ṣe wọ́pọ̀ ni pé a ó kọ́kọ́ lẹ gbogbo ìkọ́ ọ̀pá táyà mọ́ abẹ́ bíìmù, a ó dá ihò sí wọn gẹ́gẹ́ bí rúlà ṣe sọ, a ó wá ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Ìkọ́ mẹ́fà, ihò mẹ́fà. Bí ọ̀kan péré bá fi 0.3 mm yẹ̀, táyà kan á gbéra. Ẹ yí ìlànà yẹn padà: kí táyà kọ́kọ́ balẹ̀, kí tírélà wá bá a.

Ẹ ya ilà mẹ́ta sórí ìwé abẹ́ gíláàsì, kí 54.9 mm wà láàárín wọn, kí wọ́n sì dá ilà àárín tírélà kọjá lọ́nà tó tọ́ gan-an. Ẹ gbé ọ̀pá táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú táyà wọn, lé ilà wọn, kí ẹ fi amọ̀ rírọ̀ díẹ̀ dì wọ́n mú kí wọ́n má yí. Ẹ gbé tírélà sókè wọn: kínpíìnì nínú àwo orí ọkọ̀, ike 6 mm lábẹ́ pèpéle, ìdúró ike tó mú òkè ẹ̀yìn dúró ní 42 mm. Ẹ ti ṣe ìkọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ihò tó tóbi ju ọ̀pá táyà lọ ní 0.5 mm yíká. Ẹ lẹ ìkọ́ mọ́ bíìmù. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi epoxy kún àyè tó kù yí ọ̀pá náà ká.

Ẹ má fi ipá mú ọ̀pá táyà lọ bá ìkọ́. Epoxy ni kó lọ bá a níbi tó wà. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ má sì gbé e wò kí àkókò tó pé.

Kí epoxy tó le, ẹ wọ̀n láti kínpíìnì dé ìkángun ọ̀tún ọ̀pá táyà àkọ́kọ́, kí ẹ wọ̀n dé ti òsì. Wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń tún tírélà gidi ṣe máa ń wò ó bóyá táyà rẹ̀ dojú kọ ọ̀nà. Bí kò bá dọ́gba, tírélà á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn orí ọkọ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ yọ gbogbo ìdúró kúrò. Ẹ ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ abẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fà á. Ó gbọ́dọ̀ há díẹ̀ lábẹ́ gbogbo méjèèjìlá. Bí ó bá jáde fàà lábẹ́ ọ̀kan, ẹ gbé ojú irin sọ́dà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sún mọ́ epoxy ìkọ́ yẹn kí ó rọ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sípò.

Ìpele 7: Pákó

Pákó gidi ni kí ẹ lò, kì í ṣe ike tí a kùn. Ẹ gé e ní 1.5 mm, kó fẹ̀ tó 7.4 mm, kí ẹ tò ó sí ọ̀nà gígùn. Ẹ rẹ ẹ́ láró kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, torí ibi tí gúlúù bá ti kàn kò ní mu aró mọ́, á wá dúró bí àpá funfun títí láé. Ẹ jẹ́ kí pákó kan dúdú díẹ̀ ju èkejì lọ.

Ìpele 8: Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́

Ìsomọ́ irin tí àwọn wẹ́dà ń jó ló máa ń sọ ike di irin lójú ẹni. Ẹ gbé ike kan sún mọ́ iná àbẹ́là, kí ẹ fà á títí á fi tín-ín-rín bí irun. Ẹ tẹ́ ẹ sí igun tí bíìmù àti ìdábùú ti pàdé, kí ẹ fi gúlúù olómi rọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi ẹnu ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ẹ ṣe é níbi tí ojú máa dé nìkan.

Òrùka tí a ń so ṣéènì mọ́, ẹ yí wáyà 0.4 mm mọ́ ara ìdí dírílì, kí ẹ gé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ bíréèkì jẹ́ méjì: ní Amẹ́ríkà, pupa ló ń gbé afẹ́fẹ́ wá, búlúù ló ń fún bíréèkì láṣẹ; ní Yúróòpù, pupa àti yẹ́lò ni. Ẹ má so wọ́n tán kí ẹ tó yí orí ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ó ṣe lè yí tó. Họ́ọ̀sì tó bá le gbọnrangandan nígbà náà kúrú jù. Tépù pupa àti funfun tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà Amẹ́ríkà fẹ̀ ní ínṣì méjì, ó di 2 mm. Pupa gùn ní 11.2 mm, funfun ní 7.1 mm.

Ìpele 9: Ọ̀dà àti ẹrù

Ẹ tú ọrùn àti táyà, kí ẹ fọ gbogbo ara tírélà pẹ̀lú omi ọṣẹ, kó gbẹ. Ẹ fi bébà bo pákó. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú ló ṣáájú, fẹ́ẹ́rẹ́. Òun ló máa fi gbogbo ibi tí sáńdípépà kò dé hàn yín. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ tó wù yín. Ibi tó yẹ kí ọ̀dà ti họ ni ibi tí ṣéènì ń fi ara ra àti ibi tí táyà katakata ń gùn gorí rẹ̀, kì í ṣe ibi gbogbo.

Ẹ gbé ẹrù tó wúwo jù tí ẹ fẹ́ fi hàn lórí rẹ̀ lé pèpéle, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ẹ wọn àyè abẹ́ àárín bíìmù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ keje. Tèmi wà ní 7.5 mm lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì wà ní 7.4 mm lọ́jọ́ keje, pẹ̀lú katakata irin lórí rẹ̀. Bí tiyín bá fi ju 0.5 mm lọ sílẹ̀, ẹ sọ ẹrù náà kalẹ̀, kí ẹ lẹ idẹ kejì mọ́ ojú inú ògiri méjèèjì lábẹ́ pèpéle, níbi tí ìdábùú ti bò ó mọ́lẹ̀.